Àmín Tí O Ṣe Sí Àdúrà Bàbá Rẹ

Ní ilé, Mùṣín.
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun.

Bàsírà, Àṣàkẹ́ mi,

Mi ò ní béèrè bóyá ara rẹ le, torí mo fi ojú ara mi rí ọ lánàá. Ara rẹ le dáadáa, o tiẹ̀ ń sáré. Mo jókòó lórí bẹ́ńṣì lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ bàbá rẹ. O ń bọ̀ láti ọ̀nà géètì, o rí bẹ́ńṣì yẹn lókèèrè, o yẹ̀ padà, o gba ẹ̀yìn ilé kọjá lọ sí láàbù yín. O rò pé mi ò rí ọ. Ta ló rán híjáàbù aláwọ̀ ewé tó wà lórí rẹ? Mo mọ iṣẹ́ ọwọ́ mi, kódà bó bá kọ ẹ̀yìn sí mi.

Nítorí náà, jẹ́ ká fi ìkíni sílẹ̀. Láti Mùṣín sí Èbúté Mẹ́ta tí o gba yàrá sí kò tó ohun tí èèyàn ń torí ẹ̀ kọ lẹ́tà. Ṣùgbọ́n bí mo bá pè ọ́, o ní o wà ní láàbù, o máa pè mí padà. O kì í pè. Bó bá sì jẹ́ pé o pè, bàbá rẹ á ti jókòó tì mí, wọ́n á ní kí n tẹ fóònù kó máa sọ̀rọ̀ síta, kí àwọn náà gbọ́ ohùn ọmọ àwọn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ohun tó wà nínú mi? Ìdí tí mo fi mú bírò nìyẹn. Inú ń bí mi, mo fẹ́ kó o mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kó o má bàa máa wá a kiri nínú ọ̀rọ̀. Kà á dé ìparí, má fo ìlà kankan.

Jẹ́ kí n rán ọ létí bó ṣe bẹ̀rẹ̀, torí ó jọ pé o ti gbàgbé.

Ọjọ́ Sọ́ńdè tí o wá sọ fún wa pé wọ́n ti gbà ọ́ síṣẹ́ ní láàbù ọsibítù yẹn, inú mi dùn débi pé omijé mi kán sórí aṣọ oníbàárà. O mú fóònù jáde, o fi fídíò hàn wá. Nǹkan funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú omi pupa, ó rí bí okùn ṣòkòtò, omi ń gba inú rẹ̀ kọjá, ó sì ń wú, ó ń súnkì, bí ẹni tó ń mí. O ní iṣan ẹ̀jẹ̀ ni, pé ẹ̀yin lẹ ṣe é. O ṣàlàyé pé inú ara èèyàn lẹ ti ń mú sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀, àwọn wóró tí ojú lásán kò lè rí, tí wọn ò tíì pinnu ohun tí wọ́n máa dà. Ẹ máa ń bọ́ wọn, ẹ máa ń tọ́ wọn sọ́nà, títí wọ́n á fi di iṣan. O ní lọ́jọ́ kan, wọ́n á máa fi irú rẹ̀ rọ́pò iṣan tó bá bàjẹ́ lára aláìsàn, ara olúwarẹ̀ kò sì ní kọ̀ ọ́, torí ara òun náà ni wọ́n ti mú un. O sọ pé “lọ́jọ́ kan.” Èmi gbọ́. Bàbá rẹ kò gbọ́ “lọ́jọ́ kan” yẹn rárá.

Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ gbọ́ ọ? Ìwọ náà mọ ipò tí wọ́n wà. Kíndìnrín wọn ti dáṣẹ́ sílẹ̀, Àtìní àti Àlàmísì ni ẹ̀rọ ń bá wọn fọ ẹ̀jẹ̀. Iṣan tí dókítà so pọ̀ ní apá ọ̀tún wọn, kí ẹ̀rọ lè máa rí ẹ̀jẹ̀ fà, ti dí. Rọ́bà tí ẹ̀rọ á máa gbà fa ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi sí wọn lọ́rùn, wọ́n ní fún ìgbà díẹ̀ ni. Ẹni tó wà nírú ipò bẹ́ẹ̀ lo wá fi iṣan tuntun hàn. Wọ́n fi ìka kan fóònù rẹ, wọ́n bi ọ́ pé ṣé irú eléyìí ló máa wọ apá àwọn. O wo ojú wọn, o ní, “Ó kù díẹ̀, Dádì.”

Wọ́n bá na ọwọ́ sókè, wọ́n ṣàdúrà: “Ọlọ́run á jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ wọ apá mi. Ọwọ́ ọmọ tí mo bí ni mo máa ti gba ìwòsàn.” O wà lórí ìkúnlẹ̀, o ṣe àmín. Kì í ṣe àmín inú ọ̀fun o. Ìyá tó ń ta ọṣẹ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bá wa ṣe é.

Ohun tó tún wá dá kún un ni ti ẹ̀jẹ̀ tí o fà lápá wọn kó o tó lọ. Mo mọ̀ pé kò sí èrú níbẹ̀. O sọ pé ẹ nílò ẹ̀jẹ̀ oríṣiríṣi èèyàn fún ìwádìí yín, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n káfíńtà ni bàbá rẹ, Bàsírà. Ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, wọn kì í déédéé wọn ẹnu ọ̀nà ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá ti wá wọ̀n ọ́n, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kí onílé máa retí ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí wọ́n ṣe rí ìgò ẹ̀jẹ̀ yẹn lọ́wọ́ rẹ, wọ́n gbà pé o ti wọ̀n wọ́n.

Mo fà ọ́ wọ kíṣíìnì, mo bi ọ́ léèrè. O wo ilẹ̀. O ní, “Mọ́mì, àgùntàn la ṣì ń fi sí lára. Ó lè pẹ́ gan-an kó tó kan èèyàn. Ó lè má kan Dádì rárá.” O wá bẹ̀ mí pé kí n má sọ, kí n jẹ́ kí inú wọn dùn fún ìgbà díẹ̀. Mo dákẹ́ torí mo rò pé o máa fi ẹnu ara rẹ tún un ṣe bó bá di ọ̀sẹ̀ kejì. Ọ̀sẹ̀ kejì wo? O ti di ẹni tó ń gba ẹ̀yìn ilé kọjá.

Wá gbọ́ ohun tí ojú mi ti rí. Bí wọ́n bá kírun tán ní mọ́sálásí, fídíò rẹ ni bàbá rẹ ń fi han àwọn èèyàn. Bàbá Lúkúmọ̀nù tí egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ kò san ti wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó fẹ́ mọ ọjọ́ tí òun náà lè wá fi orúkọ sílẹ̀, àti bóyá ẹ máa ń ṣe ti ẹsẹ̀. Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní ṣé mo fẹ́ máa fi ọmọ mi ṣe ahun ni. Èmi! Àbí kí ni kí n ti ṣe ọ́?

Ìyẹn tiẹ̀ ṣeé rẹ́rìn-ín. Èyí tí kò ṣeé rẹ́rìn-ín ni ti ibà. Wọ́n jẹ́ kí omi ìwẹ̀ wọnú ibi tí rọ́bà ọrùn yẹn gbà wọlé, bẹ́ẹ̀ àwọn nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún wọn títí. Kó tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ibùsùn ń gbọ̀n lábẹ́ wọn. Ọlọ́run yọ wá, abẹ́rẹ́ ràn wọ́n. Mo pè ọ́ lọ́jọ́ náà, o ní o ń bọ̀, o dé nígbà tí wọ́n ti ń sùn, o sì lọ kí wọ́n tó jí. Dókítà wá pe èmi àti bàbá rẹ jókòó. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ó fara balẹ̀ ṣàlàyé pé rọ́bà ọrùn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbé pẹ́, pé ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde náà ni kòkòrò ń gbà wọlé, pé bó bá tún ṣẹlẹ̀ ó lè má ṣeé wò mọ́. Ó ní iṣan apá òsì wọn ṣì dára, kí wọ́n jẹ́ kí òun so ó pọ̀ báyìí, kí àyè tó bọ́. Ó fún wa ní Àtàláátà tó ń bọ̀ yìí.

Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ní, “Ẹ ṣeun, dókítà, ẹ má ṣe ìyọnu. Ọmọ mi ń ṣe tèmi lọ́wọ́.” Wọ́n sì na ọwọ́ gba ojú fèrèsé, wọ́n fi òrùlé láàbù yín hàn án. Dókítà wo èmi. Èmi wo bàtà mi.

Nígbà tá a délé, mo sọ òótọ́ fún wọn. Bẹ́ẹ̀ ni, mo sọ ọ́, mo da ẹ̀bẹ̀ rẹ nù, mo sọ gbogbo ohun tó o sọ fún mi ní kíṣíìnì, títí kan ti àgùntàn. Ṣé o fẹ́ mọ ohun tí wọ́n dá mi lóhùn? Wọ́n ní, “Ìyá Bàsírà, ìwọ télọ̀ lo máa ń sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà. Ọmọ mi kò jọ ọ́ níbẹ̀. Ó ṣe àmín. Mi ò bí ọmọ tó máa kúnlẹ̀ níwájú mi ṣe àmín sí ohun tí kò ní ṣẹlẹ̀.” Wọ́n bá yí ojú sí ògiri.

Ó dára. Ìmọ̀ràn ló kù, ibẹ̀ ni mo sì ti fẹ́ kó o ṣí etí.

Èkíní ni ti “ó kù díẹ̀” yẹn. Bàbá rẹ kò parọ́ mọ́ mi, gbogbo Ìdí-Òrò ló mọ̀ mí mọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Bí Iléyá bá ń bọ̀, mi ò lè wo ojú ẹnikẹ́ni kí n sọ pé mi ò lè gbà á. Gbogbo aṣọ ni mo ń gbà. Bí oníbàárà bá wá béèrè, mo ní bọ́tìnnì ló kù. Bọ́tìnnì wo? Aṣọ yẹn ṣì wà nínú ọ̀rá tó fi gbé e wá. Bàbá àgbà kan wà tó lọ sí Mẹ́kà lọ́dún tó ṣáájú ìyẹn, ó ra aṣọ funfun dáadáa, Iléyá àkọ́kọ́ tí wọ́n máa pè é ní Àláàjì ni. Bó bá ti yọjú, mo ní, “Bọ́tìnnì ló kù, Àláàjì.” Nígbà tí Iléyá ku ọ̀la, ó rí aṣọ rẹ̀ lórí tábìlì, sísọ́ọ̀sì kò tíì kàn án. Mo ti múra èébú sílẹ̀. Kò bú mi. Ó ní, “Kí ló dé tí o ò sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá? Télọ̀ pọ̀ ní Mùṣín.” Ó gbé aṣọ rẹ̀, ó lọ. Aṣọ àná ló wọ̀ lọ sí yídì.

Ṣé o gbọ́ ohun tó sọ? Kì í ṣe pé mi ò rán aṣọ ló dùn ún jù. Mo fi ọ̀rọ̀ dídùn so ó mọ́lẹ̀, kò lè lọ bá ẹlòmíràn. Ohun tó o ṣe fún bàbá rẹ gan-an nìyẹn. Télọ̀ pọ̀, Bàsírà. Dókítà tó máa so apá òsì wọn wà, ó ti ṣe tán, ó ti dá ọjọ́. “Ó kù díẹ̀” tìrẹ ni kò jẹ́ kí wọ́n lọ. Iṣẹ́ tí kò tíì jinná kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ẹni tó ní ó ti ń jinná ló ń pa èèyàn lébi.

Èkejì, àmín. Mo mọ̀ pé èmi ni mo kọ́ ọ. Láti kékeré, bí àgbà bá ṣàdúrà tí o ò tètè ṣe àmín, mo máa ń fi ìgúnpá gún ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mi ò kábàámọ̀ ẹ̀, ọmọ tí kì í ṣe àmín kò ní ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n o ti dàgbà, o ti mọ ohun tí bàbá rẹ kò mọ̀. Bí àgbà bá ń ṣàdúrà lórí ohun tí ìwọ mọ òpin rẹ̀, ṣe àmín, kó o wá fi “ṣùgbọ́n” tẹ̀lé e. Kò sí àfojúdi níbẹ̀. Àfojúdi ni kó o mọ̀ pé ọ̀nà dí, kó o sì máa wo àgbà bó ṣe ń gba ibẹ̀ lọ. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹyin tìrẹ ti balẹ̀, a ò lè kó o. Ohun tó kù ni kó o gbálẹ̀ ibẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa yọ̀ ṣubú.

Mo fẹ́ sọ ti oúnjẹ, jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n tó gbàgbé. Egungun ọrùn rẹ ti yọ síta. Mo rí i lánàá bí o ṣe ń sáré fún ìyá rẹ. Búrẹ́dì gbígbẹ àti tíì kì í ṣe oúnjẹ. Ẹni tó ń bọ́ sẹ́ẹ̀lì lówùúrọ̀ lálẹ́ yẹ kó rántí bọ́ ara tiẹ̀. Ó tán.

Níbo ni mo kà dé? Ó dára, ká pe èyí ní ẹ̀kẹta. Má sá fún bàbá rẹ mọ́. Mo mọ ohun tó ń lé ọ, má rò pé mi ò mọ̀. O kàwé títí, gbogbo àdúgbò ń pè ọ́ ní dókítà, bẹ́ẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo tí o fẹ́ ṣe é fún, ọwọ́ rẹ kò tíì tó ibẹ̀. Ojú ń tì ọ́. Mo ti rí i lójú rẹ ní kíṣíìnì lọ́jọ́ yẹn, ó dùn mí, torí ojú bàbá rẹ gan-an lo ní. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi, Àṣàkẹ́: kò sí ìtìjú nínú “kò tíì ṣeé ṣe.” Iṣẹ́ tẹ́ ẹ̀ ń ṣe yẹn, iṣẹ́ ńlá ni. Ó yẹ kó pẹ́. Ohun tó máa wọ ara ọmọ èèyàn, tí ẹ̀jẹ̀ máa gba inú rẹ̀ kọjá lọ sí ọkàn, ṣé ohun tí èèyàn ń kánjú ṣe ni? Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kán ọ lójú lórí ẹ̀, ì báà ṣe bàbá rẹ, ì báà ṣe èmi. Bí ìfẹ́ bá ń tì ọ́ pé kó o gbé èyí tí kò tíì pé jáde nítorí wọn, dá ọwọ́ dúró. Àwọn ọmọ ọlọ́mọ tó máa jàǹfààní rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, Ọlọ́run mọ̀ wọ́n. Bàbá tìrẹ, apá òsì ló máa gbà á là.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ tán. Ẹ̀rù ń bà mí. Èmi tí mo ń pariwo láti ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, ẹ̀rù ló ń pariwo. Ní àárọ̀, kí n tó lọ ṣe àlùwàlá, mo máa ń kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan iwájú orí wọn kí n mọ̀ bóyá ó gbóná. Bó bá tutù, mo máa ń dúpẹ́, lẹ́yìn náà inú á tún bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi sí ọ. Mi ò fẹ́ máa bínú sí ọ. Ìwọ nìkan ni mo bí. Bí nǹkan bá ṣe bàbá rẹ nítorí ọ̀rọ̀ tí kò jáde lẹ́nu rẹ, mo máa dárí jì ọ́, ìyá ni mí. Ìwọ lo ò ní lè dárí ji ara rẹ, èmi ni mo sì máa jókòó máa wò ọ́.

Nítorí náà, wá ní Sọ́ńdè yìí, láàárọ̀, kí àwọn àlejò tó ń wá kí wọn tó dé. Ojú lọ̀rọ̀ wà, má ronú àtipe fóònù. Má ra èso wá, wọn ò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́, o sì mọ̀. Má mú fídíò tuntun wá o, mo bẹ̀ ọ́. Wọ́n á wà lórí àga tí wọ́n kàn fúnra wọn níwájú fèrèsé. Kúnlẹ̀, kó o sọ pé, “Dádì, èyí tí mò ń ṣe kò ní lè bá yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n so apá òsì.” Má fi “bóyá” sí i, má fi “ó kù díẹ̀” sí i. Wọ́n á bínú. Wọ́n lè ní èmi ni mo kọ́ ọ ní ohun tí o sọ. Wọ́n lè yí ojú sí ògiri bí wọ́n ṣe ṣe sí mi. Má dìde. Dúró lórí ìkúnlẹ̀ yẹn títí wọ́n á fi yíjú padà. Wọ́n á yí i padà, mo mọ ọkọ mi. Lẹ́yìn náà, ní kí wọ́n ṣàdúrà fún apá òsì. Ìyẹn ni kó o ṣe àmín sí, kó o sì ṣe é kí ìyá ọlọ́ṣẹ gbọ́.

Mo ń gbé lẹ́tà yìí wá fún ìyá onílé rẹ lónìí. Mi ò ní kan ilẹ̀kùn rẹ, bó o bá tiẹ̀ wà nílé. Mo fẹ́ kó jẹ́ ẹsẹ̀ ara rẹ lo máa fi wá.

Ohun kan ló kù. Mo ti rán búbá kan fún bàbá rẹ, funfun. Mo la apá òsì rẹ̀ láti èjìká dé ọrùn ọwọ́, kí dókítà lè ṣí i láìjẹ́ pé wọ́n bọ́ aṣọ. Wọ́n bi mí pé ta ló ni ín, mo ní tiwọn ni. Wọ́n ní àwọn ò ní nǹkan tí àwọn fẹ́ fi ṣe lápá òsì, wọn ò sì fọwọ́ kàn án. Ó ṣì wà lẹ́yìn àga wọn. Lọ́tẹ̀ yìí, Bàsírà, mo ti rán bọ́tìnnì sí i, gbogbo rẹ̀ ló pé. Ẹnu rẹ ló kù.

Èmi ni,
Ìyá rẹ, télọ̀.